Ta Lẹ Ń Wò? Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lára Àwọn Obìnrin tó Ń Gbá Gọ́ọ̀fù

Lóṣù tó kọjá, hándíkáàpù mi, nọ́ńbà tó ń fi ipele ẹni hàn nínú gọ́ọ̀fù, tó ń dín kù bí èèyàn bá ṣe ń mọ̀ ọ́n gbá sí i, wọ 12. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá a. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́nnu, mo sì máa fọ́nnu díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni ohun tí mo rí níbi ìdánrawò láàárọ̀ Sátidé. Ẹ̀yin àbúrò mi mẹ́rin tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, dráífà, ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà jù, lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀ ń fì í bí ẹni tó fẹ́ fi ìbínú gé ìrókò lulẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ ṣubú. Fóònù wà nílẹ̀ níwájú yín, Rory McIlroy, akọ̀ṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin, ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀ ń wò ó, ẹ̀ ń sín in jẹ. Mo rí ara mi nínú yín, inú sì bí mi.

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, ẹ sì mọ òfin, n kò ní padà sórí ìyẹn. Ohun márùn-ún ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan, tí wíwo àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹ kọ́ mi.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹni tó jọ yín. Bí akọ̀ṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin bá fì dráífà, orí ọ̀pá rẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi máìlì 114 ní wákàtí kan. Tàwọn obìnrin LPGA, ìyẹn ìdíje àwọn akọ̀ṣẹ́mọṣẹ́ obìnrin ní Amẹ́ríkà, wà ní nǹkan bíi 94. Tàwa ọkùnrin tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ la máa ń ráyè gbá a ńkọ́? Ó wà ní nǹkan bíi 93. Ẹ tún un kà. Àwọn obìnrin yẹn la jọ lágbára bákan náà, kì í ṣe àwọn géńdé tí ẹ̀ ń sín jẹ. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi irin 7, ọ̀pá olórí irin tí kò gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó dráífà, gbá ń fò tó nǹkan bíi 140 yáàdì, ibi tí wọ́n ní kó balẹ̀ náà ló sì ń balẹ̀ sí. Tiwa lè fò tó 150 lónìí, kó fò 115 lọ́la, kó sì wọ igbó lọ́tùn-únla. Àárín ojú ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá a, òun ni àṣírí ibẹ̀. Bó bá sì kan dráífà, orí ọ̀pá wọn máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, bíi dígírì mẹ́ta, kí bọ́ọ̀lù lè ga kó sì pẹ́ lójú ọ̀run. Àwọn akọ̀ṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin máa ń gbá tiwọn bí ẹni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Wọ́n lágbára tí wọ́n lè fi ṣòfò. Èwo nínú yín ló ní irú ẹ̀?

Ìkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀pá sókè. Inbee Park ará Kòríà máa ń gbé tiẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé àwo tí omi kún, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ká ọrùn ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Ìdíje ńlá méje ló gbà, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí tó fi ń falẹ̀.

Ìkẹta, yíyan ọ̀pá. Ariya Jutanugarn ará Thailand wà lára àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù lágbàáyé lọ́dún 2016. Lọ́dún náà, nígbà tó gba ìdíje Women's British Open ní Woburn, dráífà ò sí nínú báàgì rẹ̀. Wúùdù 3 àti irin 2, àwọn ọ̀pá tí kò gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó dráífà, ló fi bẹ̀rẹ̀ àwọn ihò tó gùn. Ẹni tó lágbára jù ló fi ọ̀pá agbára sílẹ̀, ó sì gba ife.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdíje ọdọọdún ni, tọkùnrin tobìnrin ló jọ gbá a, hándíkáàpù la sì fi ń yọ iye. Nígbà tí a fi dé ihò tó kẹ́yìn, ó ku èmi àti ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo fi mẹ́ta ṣíwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé iye tí mo gbá fi mẹ́ta dín sí tiẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ bá sì kéré jù ló ń gba ife. Láti òwúrọ̀, ìyá yìí ò gbá bọ́ọ̀lù kan kó ju 150 yáàdì lọ. Ṣùgbọ́n kò wọ igbó, kò wọ omi, kò wọ báńkà oníyanrìn. Tó bá ti gbá a tán, á ti ọ̀pá bọ báàgì, á máa rìn lọ bí ẹni tó ń lọ kí aládùúgbò. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín nínú.

Pá 4 ni ihò kejìdínlógún, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò; 305 yáàdì ló gùn. Omi ló dá a lágbedeméjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀kan ré e kọjá gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fò tó 205. Ìyá ló kọ́kọ́ gbá. Ó gbé tiẹ̀ sí ìhà ìhín omi, ó sì dúró.

Ọmọkùnrin tó ń gbé báàgì mi ti fa irin 7 yọ kí n tó dé ibẹ̀. Ó nà án sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, 7 rèé. Ká gbá 7, ká gbá 5 tẹ̀ lé e, ká tiẹ̀ pọ́tì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ ihò, ife ti di tiyín."

Mi ò dá a lóhùn. Mo nawọ́ sínú báàgì, mo fa dráífà yọ fúnra mi. Ó di irin yẹn mọ́ àyà, kò dá a padà. Ìyẹn ni mo rántí jù nínú gbogbo ọjọ́ náà, bí ọmọ yẹn ṣe di irin 7 mọ́ àyà.

Kí ló ń ṣe mí? Àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó lókè, wọ́n ń wò wá. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti wo ọkùnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó gbá a fo irú omi yẹn bí ẹni fo àlà ebè. Nínú orí mi, dráífà mi ń fò tó 250. Nígbà tí mo wá gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ tó ń wọn ìrìn bọ́ọ̀lù lẹ́yìn oṣù mélòó kan, 193 ló bá mi sọ. Alágbára má mèrò, tí agbára ọ̀hún ò tiẹ̀ tó nǹkan.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dára. Ó ga, ó tọ́, ó kàn kúrú ni. Omi gbé e mì, òrùka kan ṣẹ́ kù tó ń fẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn tún na irin 7 sí mi. Mo ní kó kúrò níwájú mi. Ìkejì ò tiẹ̀ dé àárín omi. Pẹ̀lú ìyà méjì, ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó wọ omi, mo ti wà lórí mẹ́rin, bọ́ọ̀lù mi kò sì tíì kúrò níbi tí mo dúró sí. Ìgbà yẹn ni mo tó gba 7. Ó lọ síbi tó yẹ kó lọ, gẹ́rẹ́. Mo fi irin 5 gbé e dé gíríìnì, orí koríko kúkúrú tí ihò wà. Ìyá ti parí pẹ̀lú 5. Tí mo bá parí pẹ̀lú 8, a jẹ́ wí pé ọ̀mì ni. Mo pọ́tì, mo rọra yí i lọ síbi ihò, ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo sáré gbá a bí ẹni tó fẹ́ lọ sá pamọ́. Ó yí etí ihò po, ó jáde. Mẹ́sàn-án.

Ìyá bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lo máa ń wò?" Mo dárúkọ ọkùnrin mẹ́ta. Ó ní, "Ó dáa. Èmi kì í wò wọ́n, torí mi ò rí ohun tí mo lè mú lára wọn tí mo lè lò lọ́la."

Mo mọ̀ pé ohun márùn-ún ni mo ní mo máa sọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn obìnrin ni mo rí I.K. Kim ará Kòríà. Lọ́dún 2012, ní ìdíje Kraft Nabisco, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló kù fún un kó gba ife ńlá. Bọ́ọ̀lù yí etí ihò po, ó jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Sun Young Yoo ló gba ife ọjọ́ náà. Mo wo fídíò yẹn títí ojú fi ń ta mí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2017, Kim gba Women's British Open. Kò fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára gbá a.

Nelly Korda ará Amẹ́ríkà náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2024, ó gba ìdíje márùn-ún léra léra. Nígbà tó yá, ó dé US Women's Open, ó dé ihò kejìlá, pá 3 lásán, ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta sínú omi, ó sì kọ 10 síwájú ihò náà. Nígbà tí mo rí i, mo dìde lórí àga. Ẹni tó dára jù láyé! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ó gbá gbogbo ihò tó kù, ó kọ 80 sínú káàdì, ó fọwọ́ sí i. Èmi, lọ́jọ́ tèmi pẹ̀lú ìyá yẹn, mo ti ju ìbọ̀wọ́ mi sínú igbó kí n tó fọwọ́ sí tèmi, ọmọ tó ń gbé báàgì mi ló lọ he é.

Ọ̀rẹ́ mi kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ló fi orúkọ mi sọ omi ihò kejìdínlógún yẹn. Títí dòní, bí ẹni tuntun bá dé, òun ló máa ń ṣàlàyé ibi tí orúkọ ti wá. Òun náà ló máa ń bi mí bóyá mo ti di obìnrin, torí pé LPGA ni mò ń wò. Hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 19 lọ́dún náà. Ó jẹ́ 19 lónìí.

Ní Sátidé yẹn kan náà, lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, èmi àti ẹ̀ jọ dé ihò kejìdínlógún. Mo fi irin 7 gbé tèmi sí ìhà ìhín omi. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi, ó mi orí, ó fa dráífà yọ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ga, ó tọ́, ó fi òrùka kan sílẹ̀ lójú omi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ara mi mú mọ́ báàgì.