Owó Pọ́ọ́kú Tó Di Ọgọ́ta Pọ́n-ùn

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà nílùú ọba, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: àwọn ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú yìí, irú Aldi àti Lidl, ṣé lóòótọ́ lẹ ń jèrè níbẹ̀ àbí a kàn jọ ń tan ara wa jẹ ni? Mi ò ní ọjà wọn wọ́n o. Kò wọ́n rárá. Mílíìkì, ẹyin, àlùbọ́sà, tòmátò inú agolo, pámpásì, tíṣù, tẹ́ ẹ bá rà á níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá lọ wo iye tí wọ́n ń tà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì ńláńlá, ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ tipẹ́. Ohun tí mò ń bi yín ni pé owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín yẹn, ta ló ń gbà á? Torí èmi mọ ẹni tó gba tèmi.

Ìyàwó mi ni ògbóǹtarìgì ṣọ́ọ̀bù yìí nílé wa. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó dẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta agolo tòmátò láti Camberwell títí dé Old Kent Road ní London níbí. Tí mo bá lọ ra búrẹ́dì níbòmíì, á kọ́kọ́ wo ọ̀rá tí mo fi gbé e wọlé, á wá wo ojú mi, kò ní sọ nǹkankan, àmọ́ mo ti gbọ́. Òun ló pìtàn àwọn ará Jámánì tó dá Aldi sílẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo kàn ní kó fún mi lómi mu. Ó ní ìyá kan tó ń jẹ́ Anna Albrecht ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Essen lọ́dún 1913, àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjì, Karl àti Theo, ló wá sọ ọ́ di Aldi. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ sìgá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀kan ní káwọn máa tà á, ìkejì ní rárá, ni wọ́n bá pín iṣẹ́ sí méjì, ẹnì kan mú àríwá, ẹnì kan mú gúúsù. (Sìgá o! Nílé wa, ilẹ̀ la fi ń ja irú ìjà yẹn.) Àwọn ti gúúsù ló wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1990, Birmingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Lidl, ará Jámánì ẹgbẹ́ wọn, dé lọ́dún 1994. Ó wá sọ èyí tó dùn mọ́ òun jù. Theo yìí, wọ́n jí i gbé lọ́dún 1971, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló lò lọ́dọ̀ àwọn ajínigbé, mílíọ̀nù méje máàkì, owó Jámánì ìgbà yẹn, ni wọ́n san kó tó jáde. Bó ṣe délé, ó ní kí ìjọba yọ owó yẹn kúrò nínú owó orí òun, pé ìnáwó iṣẹ́ ni! Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rí ẹni tó mọyì owó."

Ó dáa. Sátidé kan báyìí, ó tibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó kọ ìwé fún mi: adìyẹ méjì, ẹyin méjìlá, àlùbọ́sà, mílíìkì, tòmátò agolo mẹ́fà, pámpásì, tíṣù. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé yìí nìkan o. Ẹ má yà sí àárín." Mo rò pé àárín ìlú ló ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, wà nílé wa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ní mọ́tò, kí ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn fún? Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọn ò ṣe wá ní nǹkankan. Ìjà àkọ́kọ́, àwa àti tírọ́lì ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ṣéènì so tírọ́lì wọn mọ́ra ni, tẹ́ ẹ ò bá ki pọ́n-ùn kan onírin bọ̀ ọ́ kò ní tú sílẹ̀. Ọgbọ́n ni, torí pé nígbà tí kálukú bá ti ń dá tiẹ̀ padà nítorí pọ́n-ùn kan ẹ̀, wọn ò ní gba òṣìṣẹ́ tí á máa kó tírọ́lì kiri páàkì. Àmọ́ ta ló ń mú owó onírin rìn mọ́ láyé káàdì? Mo tú àpò mi, òfo. Bọ̀ọ̀dá tú tiwọn, wọ́n fa rìsíìtì epo mọ́tò yọ, wọ́n fa ṣuǹgọ́ọ̀mù yọ, wọ́n wá fa náírà méjì onírin yọ, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2007 tí alágbe gan-an ò gbà. Wọ́n ní, "Èyí máa wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ìdajì ẹ̀ wọ̀ ọ́. Kò wọlé tán, kò dẹ̀ jáde, tírọ́lì ò tú. Bọ̀ọ̀dá fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ro ó, wọ́n fi ọwọ́ gbá a, wọ́n fi bàtà gbá a, ariwo irin ń dún kọ̀ǹkọ̀ ní gbogbo páàkì, títí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù fi yọ sí wa. Ó wo owó náà, ó wo àwa náà, ó béèrè pé irú owó wo rèé. Bọ̀ọ̀dá na ọrùn sókè, wọ́n ní owó ilẹ̀ òkèèrè ni. Ọmọ yẹn kàn fún wa ní ike róbótó kan, ó fi tú tírọ́lì míì. Náírà méjì Bọ̀ọ̀dá dúró síbẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù, mo gbádùn ẹ̀, kí n má purọ́. Inú páálí tí wọ́n fi kó ọjà wá náà ló ṣì wà, kò sẹ́ni tó ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríṣi ọjà wọn ò pọ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n ní Aldi ń tà, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ń ta ìlọ́po ìlọ́po ẹ̀, ẹ lè dúró síwájú ketchup níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé orúkọ yín. Orúkọ tiwọn ni wọ́n dẹ̀ máa ń kọ sára ọjà. Kọnfíléèkì wọn jọ èyí tẹ́ ẹ mọ̀ láti kékeré, páálí jọra, àwọ̀ jọra, àkùkọ nìkan ni ò sí lára ẹ̀, bí ọmọ bàbá kan náà tí ìyá yàtọ̀. Gbogbo ìyẹn ló ń jẹ́ kí owó ẹ̀ wálẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣu lẹ fẹ́ o, tàbí èlùbọ́, tàbí epo pupa, ẹ ṣì máa gba Rye Lane lọ ní Peckham, owó ọkọ̀ yẹn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárín ogún ìṣẹ́jú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ti pé. Mo ti dorí tírọ́lì kọ ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá.

"Àna mi! Ẹ wá wo nǹkan!"

Àárín tí ìyàwó mi sọ rèé. Ìlà kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri, ìbòjú wẹ́dà, bẹ́ẹ̀dì ajá, bàtà yìnyín, aṣọ rọ́bà àwọn tó ń wẹ̀ lókun. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn, ọ̀tọ̀ lèyí tí wọ́n á kó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ èèyàn fi máa ń yá sí ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dúró ti páálí ńlá kan: ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ibi ìjókòó méjì, àjẹ̀ méjì, pọ́ǹpù kan. Pọ́n-ùn mọ́kàndínláàádọ́ta àti pẹ́ńsì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Wọ́n ní, "Níbòmíì kò lè dín ní ọgọ́fà. Tẹ́ ẹ bá rà á báyìí, ẹ ti jèrè àádọ́rin pọ́n-ùn."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, fúláàtì là ń gbé, àjà kẹta. Mi ò dẹ̀ mọ odò ó wẹ̀."

Wọ́n ní, "Torí ẹ̀ lẹ ṣe nílò ọkọ̀ nìyẹn."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, mi ò rí èsì ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mo rí i, ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Ẹni tó jókòó sáàárín àwọn tó fún mi níyàwó, tó ní kí n tún dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ ìdána torí àyà mi ò kanlẹ̀ tó lẹ́ẹ̀kíní, ibo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rọ́bà pẹ̀lú wọn? Mo gbé e sínú tírọ́lì.

Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wa, ìyá òyìnbó kan báyìí ni, ó wọ awò ojú, ó jọ ẹni jẹ́jẹ́. Irọ́ ni! Ṣé ẹ ti wo ìlà dúdú dúdú tí ẹ̀rọ ń kà lára ọjà wọn rí? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bíi mélòó kan, kí ẹni tó ń gbowó má baà máa yí ọjà wá a. Ìyá yìí ò yí nǹkankan. Píì, píì, píì, ó ń tì í bọ̀, ọwọ́ wa ò ká a. Adìyẹ dé, mo gbé e, pámpásì dé, Bọ̀ọ̀dá gbé e, ẹyin dé, kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ ṣófo, agolo tòmátò mẹ́fà dẹ̀ ti ń yí bọ̀ lẹ́yìn ẹyin. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún yára sí i. Nínú ẹyin méjìlá, méje ló bá wa délé. A ò dẹ̀ mú báàgì dání, a tún ra báàgì.

Ká ní a wọ mọ́tò lọ sílé nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ ní páàkì la ti pàdé Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Màmá kí wa kú ọjà. Wọ́n kí wa kú òtútù. Wọ́n ní Táíwò ńkọ́, mo ní ó wà, wọ́n ní Kẹ́hìndé ńkọ́, mo ní òun náà wà, wọ́n béèrè ìyàwó mi, wọ́n béèrè iṣẹ́ ìyàwó mi, wọ́n béèrè orúnkún ìyá mi. Mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sídìí mọ́tò nígbà tí Bọ̀ọ̀dá la ẹnu wọn, wọ́n ní ọmọ Abẹ́òkúta làwọn.

"Abẹ́òkúta? Ìhà ibo?"

"Ìtọ́kò ni, Màmá."

"Ìtọ́kò! Agbo ilé wo?"

Mo jókòó sórí páálí ọkọ̀ rọ́bà. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n dárúkọ bàbá, wọ́n dárúkọ bàbá bàbá, wọ́n dé orí ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ, ó wá já sí pé àbúrò Màmá fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan nílé Bọ̀ọ̀dá. Ni Màmá bá ki oríkì bọnu. Bọ̀ọ̀dá ò lè mú un mọ́ra, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀dà, láàárín mọ́tò méjì, pẹ̀lú kóòtù tí wọ́n wọ̀. Òyìnbó kan dúró gììrì, ó sọ ilẹ̀kùn mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré wá, ó ní ṣé kóun pe áńbúláǹsì. Mo ní rárá o, wọ́n ń kíra ni. Ó wo Bọ̀ọ̀dá nílẹ̀, ó wo Màmá tó ń kéwì lé wọn lórí, ó ní ṣé ó dá mi lójú.

Kí Màmá tó lọ wọ́n rí ọkọ̀ rọ́bà. Wọ́n ò bi wá pé kí la fẹ́ fi ṣe. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà gígùn pé omi ò ní gbé wa lọ. Àmín tí mo ṣe yẹn, mo ṣe é tọkàntọkàn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀ọ̀dá gbé lẹ́tà kan wá sílé wa. Ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló kọ ọ́ o, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n gbé ìṣọ́ páàkì fún ni. Fọ́tò méjì ló wà nínú ẹ̀, mọ́tò Bọ̀ọ̀dá ń wọlé, mọ́tò Bọ̀ọ̀dá ń jáde, aago sì wà lára ẹ̀. Ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ni wọ́n gbà wá láyè, wákàtí méjì ó lé la lò. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àmọ́ tí a bá san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá wọ́n á gba ọgọ́ta. Bọ̀ọ̀dá ka apá ìkẹyìn yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹ̀dínwó ogójì pọ́n-ùn.

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó kàn mú bírò, ó yí rìsíìtì sí ẹ̀yìn, ó ṣírò iye tí ọjà inú ìwé ì bá jẹ́ tó bá jẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá la ti rà á, kò wo fóònù, orí ló fi ṣe é. Ó ní, "Pọ́n-ùn mọ́kànlá lẹ jèrè, Bàbá Ìbejì. Àádọ́fà lẹ ná sí i. Mi ò tíì ka ẹyin." Mo ní ṣé ká dá ọkọ̀ rọ́bà padà kí àádọ́ta tiẹ̀ wọlé. Kò dáhùn, ó kàn nawọ́ sí pálọ̀. Àwọn ìbejì ti fẹ́ ẹ, ó gba gbogbo àárín sófà méjèèjì, wọ́n wà nínú ẹ̀ tàwọn ti àjẹ̀, wọ́n ní Èkó làwọn ń lọ.

Ó ku ta ló máa san ọgọ́ta. Bọ̀ọ̀dá ní èmi ni mo lọ sọ́jà. Mo ní mọ́tò kì í ṣe tèmi. Mo tún ní ṣé ká pín in sọ́nà mẹ́ta kí Màmá gbé ogún, torí oríkì wọn ló gùn jù. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yíjú wò mí pa pọ̀, mo yáa dákẹ́. Ìyàwó mi wá ní ká pín in sí méjì, ọgbọ̀n, ọgbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ tán.

Bọ̀ọ̀dá yọ pọ́ọ̀sì, wọ́n ka owó, wọ́n tún dúró. Wọ́n ní kí á yọ náírà méjì àwọn kúrò níbẹ̀ ná, pé ìnáwó ọjà ni. Mo rò pé ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín. Ó ti mú fóònù ẹ̀, ó ń wá iye tó jẹ́ ní pẹ́ńsì.