Apá òsì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀
Irun ni mo lọ gẹ̀ ní Aké, l'Abẹ́òkúta níbí, lánàá. Mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Bàbá kan ní kèfèrí ni gbogbo òṣèlú apá òsì (àwọn tó ń jà fún ìdọ́gba olówó àti tálákà), pé ọwọ́ tí a kì í fi kí àgbà, ṣé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló máa júwe? Ẹ̀rín pa wá. (Ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ Faransé ní 1789 ni orúkọ yẹn ti wá o, kò kan ọwọ́ ìkíni.)

Mo ní, "Ẹ dákun, bàbá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tiwa ńkọ́? Ìyàwó àlùfáà ni, síbẹ̀ Soviet, ìjọba apá òsì ti Rọ́ṣíà àtijọ́, fún wọn ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970."

Kílípà dúró lẹ́bàá etí mi. Bàbá wò mí títí.

"Àbí ìwọ náà wà lápá òsì ni?"

Tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì gan-an.