Kí ẹ tó ní data yín ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń fà á jáde

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, kó má baà ṣe ẹlòmíì. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìtòsí Tákíé, èmi ni mò ń tọ́jú database (àkójọ àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, MySQL ni ètò tá a fi ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tọ́dún fẹ́ parí wọ́n ní kí n kó gbogbo owó táwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá jáde, ó lé ní 200,000 ìlà, tí mo bá sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà kọ̀ǹpútà á kàn dákẹ́ ni, ni mo bá ń fi LIMIT (iye ìlà tó máa jáde) àti OFFSET (iye ìlà tó máa kọ́kọ́ fò) gé e ní 5,000, 5,000, mo wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sínú fáìlì kan. Mo ka ìlà ẹ̀, ó pé. Mo fi ránṣẹ́ sí akápò.

Ọjọ́ kejì ni ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Wazo wọlé tòun ti káàdì ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló sanwó, mẹ́tàlá ló wà nínú ìwé tá a tẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, owó mi dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Owó ẹlòmíì sì tún jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ṣe CHECK TABLE, àṣẹ tó ń yẹ table (àtẹ tí data wà nínú ẹ̀) wò bóyá ó ti bàjẹ́, ó ní OK. Mo rò pé iná tí wọ́n ń mú lọ mú bọ̀ ló ti ba hard disk jẹ́, mo gbé backup sórí láptọ́ọ̀pù míì, mo tún un fà, ti ìyá yẹn pé àmọ́ ti àwọn míì ló tún sọnù. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Tó bá jẹ́ pé data gan-an ló bàjẹ́, ṣebí àwọn ìlà kan náà ni ò bá máa sọnù. Mo wá nọ́ńbà ìyá yẹn tààrà nínú table àkọ́kọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà níbẹ̀ digbí.

Àṣẹ tí mo fi ń fà á jáde ló fa á: ORDER BY ọjọ́ nìkan ni mo kọ, ìyẹn ni pé kó fi ọjọ́ tí wọ́n sanwó to àwọn ìlà. Lọ́jọ́ ọjà, ọgọ́rọ̀ èèyàn ló ń sanwó lọ́jọ́ kan náà, MySQL ò sì ṣèlérí pé bóun ṣe to àwọn tí ọjọ́ wọn dọ́gba báyìí lòun máa tò wọ́n nígbà míì, torí náà ẹni tó ti jáde nínú ìdì kan lè tún yọjú nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹlòmíì wá bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lé, ọ̀kan dín, iye ìlà ò yí padà, ohun tó tàn mí nìyẹn.

Ẹ fi id, nọ́ńbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan dá ní, kún un: ORDER BY ojo, id. Èyí tí mò ń lò báyìí tiẹ̀ dáa jù, WHERE id > èyí tó gbẹ̀yìn, ORDER BY id LIMIT 5000, ó yá ju OFFSET lọ torí OFFSET á kọ́kọ́ ka gbogbo èyí tó wà níwájú kó tó dà á nù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, COUNT (iye ìlà) nìkan ò tó o, ẹ ka iye id tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ sì fi SUM (àròpọ̀) owó inú fáìlì wé ti table.

Tí "ẹ" inú orúkọ bá di "áº¹" nínú Excel ńkọ́? Ẹ fi HEX(), tó ń fi kóòdù lẹ́tà hàn, wò ó nínú table, tó bá jẹ́ E1BAB9, orúkọ yín ò ṣe nǹkan kan, Excel ni ò ṣí i bíi UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n gbà fi kóòdù pa lẹ́tà náà mọ́.

Mo tẹ ìwé tuntun, mo gbé e lọ bá ìyá náà nídìí ẹ̀lùbọ́ ẹ̀, mo ń kà á níkọ̀ọ̀kan, òun náà ń fìka tẹ̀ lé e lórí káàdì títí tá a fi dé orí ìkẹrìnlá.