Kẹ̀kẹ́ gígùn lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́, láti Monkton dé New Freedom

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà ooru ni mo ti ń sọ pé màá gun kẹ̀kẹ́ dé New Freedom, ní Pennsylvania, kí ọdún yìí tó parí, àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ò jẹ́, tí mo bá ti dé láàárọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wá, ọjọ́ tí mo bá sì ní òfì, ilé ń pè, ọmọ ń pè, ṣọ́ọ̀ṣì náà ń pè. Sátidé tó kọjá ni mo sọ fún ara mi pé tí mi ò bá lọ lónìí, yìnyín á ká mi mọ́lé. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò, ó di Monkton.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Baltimore àti agbègbè ẹ̀, ọ̀nà yìí ò jìnnà sí wa rárá. NCR ni àwọn èèyàn ń pè é, Torrey C. Brown Trail lorúkọ tí ìjọba sọ ọ́ ní 2007 àmọ́ ẹnu ọ̀pọ̀ ò kúrò lórí NCR. Ojú irin Northern Central Railroad ni tẹ́lẹ̀, òun ni NCR yẹn, tó ń ti Baltimore wọ Pennsylvania. Ní June 1972 ni ìjì Agnes dé, omi gbá afárá lọ, ó gbá ilẹ̀ abẹ́ irin lọ, wọn ò sì tún un ṣe mọ́. Ó di 1984 kí wọ́n tó ṣí apá àkọ́kọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ó tó bíi máìlì 20 ní Maryland, tó bá dé ààlà, ọ̀nà ti Pennsylvania á gbà á títí dé York.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé rélùwéè ò lè gun òkè. Irin ló ń yí lórí irin, ẹrù ẹ̀ sì wúwo, tí òkè bá ti le jù á máa yọ̀ ni, torí náà àwọn tó la ọ̀nà yẹn ní láti máa bá odò rìn, kí wọ́n gé ibi tó ga, kí wọ́n di ibi tó jìn, kí ó máa ròkè díẹ̀díẹ̀. Torí ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yẹn, orúnkún mi tó ń dúró látalẹ́ mọ́jú ní wọ́ọ̀dù ọsibítù ló wá ń jàǹfààní ẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá wo iwájú, ẹ ó rò pé pẹrẹsẹ ni, omi ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: Gunpowder Falls ń ṣàn bọ̀ wá pàdé yín, lẹ́yìn ẹ̀ Little Falls, lẹ́yìn ẹ̀ Beetree Run, gbogbo wọn ń sọ̀, ẹ̀yin ń gòkè.

Ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ tán. Nígbà ooru, ńṣe ni igi máa ń bo gbogbo ẹ̀, àmọ́ báyìí mo rí odò, mo rí àpáta, mo rí ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn lókè, igi sycamore dúró létí omi funfun bí ẹfun. Igi beech nìkan ni ò jẹ́ kí ewé ẹ̀ lọ, ó gbẹ mọ́ ọn lára, tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ á dún bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí Bíbélì àtijọ́.

Nígbà tí mo kọjá White Hall ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Ewé kan ṣoṣo ni, ó tutù, ó ti ká wọ àárín bíréèkì àti wíìlì, iyẹ̀pẹ̀ òkúta tí wọ́n dà sójú ọ̀nà ti bò ó, ó lẹ̀ bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ tó sùn. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi èékánná yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ìka mi ti kú kí n tó ṣe tán.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Màámi fi pè láti Ìbàdàn. Òpó kúkurú kan wà nítòsí tí wọ́n kọ W sí, ó ṣẹ́ kù látìgbà rélùwéè, mo yí fóònù sí i kí wọ́n lè rí i, torí bàbá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè.

"Màámi, ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá ti rí èyí, ó gbọ́dọ̀ fọn fèrè ni."

"Ọkọ̀ ń bọ̀ ni, Àṣàkẹ́?"

"Rárá o, Mà. Wọ́n ti yọ irin ẹ̀."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, fèrè rélùwéè ni ìyá àwọn fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé ọbẹ̀ kaná. Ọdún 1838 ni ọkọ̀ ojú irin ti Baltimore dé York, tiwa dé Ìbàdàn ní 1901, ó wù mí kí bàbá wọn ti rí ibí yìí.

Ní New Freedom, irin wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo jókòó mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà. Ọ̀nà yìí ni Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbà ní November 18, 1863, wọ́n yí ọkọ̀ ẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn ní Hanover Junction, ó di Gettysburg, ọjọ́ kejì ló sọ ọ̀rọ̀ tí ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọ ilé ìwé títí dòní. Oṣù November kan náà tí èmi náà gba ibẹ̀ nìyẹn. Igi tí kò léwé báyìí lòun náà ń wò láti ojú fèrèsé. Mo ronú sí i, mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n ti yí aago padà sẹ́yìn wákàtí kan, aago márùn-ún ò tíì lù tí oòrùn fi wọ̀. Parkton ni ilẹ̀ ti ṣú bá mi, mo tẹ iná kẹ̀kẹ́, kò tàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí ewé ti bo ojú ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí gbòǹgbò wà. Màmá kan tí irun wọn ti funfun kọjá lára mi lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n dúró, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé iná àwọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí gbòǹgbò bá wà wọ́n á kàn na ọwọ́ sí i. Gbogbo òkè tí mo fi ọ̀sán gùn láìmọ̀ ló wá ń gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ó pẹ́ kí n tó tún wa pẹ́dàlì, iná wọn wà níwájú, odò ń dún lápá kan, àwa náà ń lọ síbi tí omi ń lọ.

Ní Monkton wọ́n juwọ́ sí mi, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Mi ò tiẹ̀ béèrè orúkọ wọn.