“Ogún Wo Ló Dé?”: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Kíkọ Orin Ìjà fún Fíìmù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù kọ orin fíìmù, ojú àpá ni mo fẹ́ fi hàn yín, kì í ṣe ọgbọ́n inú ìwé.

Fíìmù kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ṣe é l'Ékòó: ọkọ̀ tó ń fò lọ sínú ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń rìn bí èèyàn, ìbọn tó ń yọ iná aláwọ̀ ewé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ni ìran ìjà inú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé oorun dá lójú mi. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi ni mo kó jáde: trumpet mẹ́fà, horn (fèrè onírin tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ ju ti trumpet lọ) mẹ́jọ, ìlù tó tóbi bí àgbá epo, akọrin tó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá gbọ́ ọ nínú yàrá mi, orí mi á wú.

Ọjọ́ tí a lọ po gbogbo ohùn inú fíìmù náà pọ̀, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ fa orin mi wálẹ̀. Ó tún fà á wálẹ̀. Ó fà á títí ó fi dà bí ẹni tó ń kùn ní yàrá kejì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìbọn ń dún, ọkọ̀ ń bú gbàù, àwọn èèyàn ń ké, orin yín náà tún ń ké. Èwo lẹ fẹ́ ká gbọ́ níbẹ̀?” Inú bí mi. Mo ní kò mọ iṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Ìtìjú yẹn ló lé mi padà sídìí iṣẹ́ àwọn àgbà. Mo mú “Duel of the Fates”, orin tí John Williams kọ fún ìjà ìkẹyìn nínú fíìmù Star Wars tó jáde ní 1999. Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn, London Symphony Orchestra, ẹgbẹ́ olórin ńlá kan, ló lù ú, ẹgbẹ́ akọrin London Voices ló kọ ọ́. Ẹ óò rántí ìran náà: ilẹ̀kùn ṣí, Darth Maul, ọ̀tá náà, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ojú pupa àti idà ìmọ́lẹ̀ tó ní ẹnu ní orí àti ní ìdí, àwọn akọni méjì, Qui-Gon Jinn àti Obi-Wan Kenobi, bọ́ aṣọ àwọ̀lékè sílẹ̀. Mo ti gbọ́ orin yìí láìmọye ìgbà kí n tó di olórin. Tí ẹ bá bi mí nígbà náà, ma á ní ariwo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irọ́ ni ọkàn mi ń pa fún mi. Nígbà tí mo ra ìwé orin rẹ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹjú mọ́ ọn, mo rí i pé akọrin bú jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì já wálẹ̀ wòò. Ohun tó kù ni ègé orin kúkúrú kan tó ń yípo, tó ń yípo, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sáré lórí àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Orí èyí ni horn ti wá gbé orin gidi wọlé. Ibì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ńṣe ni àwọn akọrin ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nínú ìjà!

Àwọn òyìnbó ń pe ègé tó ń yípo yẹn ní ostinato. Orúkọ yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi fún ọjọ́ pípẹ́, àfi ọjọ́ kan tí mo wà níbi ìgbéyàwó, tí àwọn onídùndún dé. Mo dúró ti ọmọ tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn. Ìyáàlù ń pe oríkì, ó ń pòwe, ó ń tọrọ owó, ó ń fò láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíràn. Gúdúgúdú kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ohun kan náà ló ń sọ. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìyáàlù á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àṣé ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni mo ń fi owó kọ́. Nínú orin Williams, ègé kékeré yẹn ni gúdúgúdú, horn àti akọrin ni ìyáàlù. Nínú tèmi, ìyáàlù mẹ́rìnlá ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí gúdúgúdú.

(Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé orchestra kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ rán an létí Fela Sowande tí wọ́n bí l'Ọ̀yọ́ ní 1905. Ó kọ African Suite fún àwọn olókùn (àwọn tó ń ta fáólìn àti irú rẹ̀) àti háàpù ní 1944, ó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn orin fún Colonial Film Unit, ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba òyìnbó, ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀rọ̀ orin òun fíìmù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wa.)

Ohun kejì tí mo rí jẹ mọ́ ààyè. Ohùn tó ń ti ara idà ìmọ́lẹ̀ jáde, tó máa ń kùn bí oyin, Ben Burtt ló ṣe é: ó pa ìró mọ́tò ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde pọ̀ mọ́ ìkùn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ìró yẹn wà nílẹ̀ kí olórin tó dé. Ìbọn àti ìbúgbàù náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, níbi ohùn tó rinlẹ̀. Bí ẹ bá wá kó gbogbo orin yín sí ìsàlẹ̀ kan náà, ẹ ti lọ kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn. Nínú ìran ìjà, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ohùn pé, “Kí lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?” kí n tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ìbéèrè yìí ò ná mi ní kọ́bọ̀. Tí ọkọ̀ ńlá bá máa já lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, ẹ dákẹ́ fún un kó já. Nínú ìran Williams náà, ìgbà kan wà tí ilẹ̀kùn iná ti mọ́ àwọn oníjà, tí Qui-Gon kúnlẹ̀ tó di ojú, tí Maul ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ajá inú àgò. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti le jù, kò sì sẹ́ni tó ń na ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin, nítorí ibẹ̀ ni mo ti tẹ́ jù.

Ewì àtijọ́ kan tó jẹ́ ti àwọn ará Wales, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cad Goddeu, ìyẹn Ogun Àwọn Igi, ni Williams ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Ó mú un láti inú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Robert Graves ṣe, ó sì ní kí wọ́n yí i sí èdè Sanskrit, nítorí bí fáwẹ̀lì èdè náà ṣe ń dún. Wọ́n tún to àwọn sílébù rẹ̀ bí orin ṣe fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ Sanskrit kò ní rí gbólóhùn tó gún régé níbẹ̀. Ohùn lásán ló ń lò, ó sì bá a mu, nítorí ẹnikẹ́ni nínú sinimá kò wá ìtumọ̀.

Mo ní èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èdè mi ni ma á lò. Nínú fíìmù kejì tí mo ṣe, mo kọ ọ̀rọ̀ méjì péré fún akọrin: “Ogun dé!” Mo fi orin aládùn kan gbé e, ó gòkè láti sílébù kejì, ó dúró sókè. Mo kó àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì jọ láti gbà á sílẹ̀. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní. Màmá kan tó ń kọ alto, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó ní, “Ọmọ mi, ogún wo ló dé? Ta ló kú?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ fi dò-re-mi wò ó, ẹ̀yin náà á rí i: “ogun dé” jẹ́ re-re-mi. Èmi kọ re-mi-mi. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun fẹ́ pa ìlú run lójú àwòrán, àwọn akọrin mi sì ń fi gbogbo agbára wọn kéde pé ogún ti dé, kí wọ́n wá pín in. Àwọn tó kọ́kọ́ tú orin ìsìn sí Yorùbá ti ṣe irú àṣìṣe yìí tipẹ́, wọ́n mú ohùn orin òyìnbó, wọ́n de ọ̀rọ̀ wa mọ́ ọn bí ẹni de ẹrù mọ́ ọ̀kadà. Mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Williams lè to sílébù Sanskrit bó ṣe wù ú. Èmi kò lè tan màmá alto. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ fi Yorùbá sẹ́nu akọrin, ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ sókè, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí orin tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ohùn lásán ni mo fẹ́, “aa” àti “oo” ti tó.

Ohun kan náà ló mú kí inú mi dùn sí orin tí Ludwig Göransson kọ fún fíìmù Black Panther ní 2018. Ó lọ sí Senegal, ó tẹ̀ lé Baaba Maal, olórin ilẹ̀ náà, káàkiri, ó sì pàdé Massamba Diop tó ń lu tama, ìlù abẹ́ apá tó jẹ́ ìbátan gángan wa. Kò fi ìlù náà ṣe ọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orchestra. Tama ń pe orúkọ T'Challa, akọni inú fíìmù náà. Ó mọ̀ pé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Mo ti rí ọmọ Yorùbá tó fi gángan sínú orin ogun, tí ìlù náà kò sọ nǹkan kan rárá, bí ẹni ra aago tí kò ní ọwọ́.

Lórí ìṣirò, ma á yára. Fíìmù ń gbé àwòrán 24 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Bí orin yín bá ń lu ẹsẹ̀ (ohun tí òyìnbó ń pè ní beat) 120 ní ìṣẹ́jú kan, àwòrán 12 ló wà láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Bí ó bá sáré dé 160, ó di 9. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gùn yín lórí. Mo ti jókòó rí tí mo mú kí gbogbo ẹ̀ṣẹ́ bọ́ sórí ẹsẹ̀ orin, kí wọ́n tó wá gé ìṣẹ́jú àáyá méje kúrò nínú ìran náà lẹ́yìn tí mo ti parí. Gbogbo rẹ̀ yẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, wọ́n gé fíìmù mọ́ Williams náà lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti gba orin sílẹ̀ ní 1999; wọ́n já orin rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n tún un tò. Ibẹ̀ ni gúdúgúdú tún ti gbà wá: ègé tó ń yípo, ẹ lè gé e níbi tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, etí kò ní fura. Mo ń kọ orin ìjà báyìí bí ẹni ń rán aṣọ, mo máa ń fi ìṣẹ́tí sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orin ẹlòmíràn tí olùdarí fíìmù bá ti fi dípò tiyín kí ẹ tó dé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Star Wars àkọ́kọ́ tó jáde ní 1977, àwòrán ogun ọkọ̀ òfuurufú ti Ogun Àgbáyé Kejì ni George Lucas, olùdarí rẹ̀, fi dípò ogun inú ìràwọ̀, orin The Planets ti Gustav Holst sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́ sí i. “Mars” inú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ márùn-ún nínú bar (ìpín kékeré tí a pín orin sí) kọ̀ọ̀kan, 1914 ni Holst kọ ọ́. Williams jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òórùn Holst, kò jẹ́ kí wọ́n rí i lójú. Kì í ṣe gbogbo wa la lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń bẹ olùdarí pé kó pa orin yẹn nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá fẹ́ wo ìran náà.

Ó ku ti ètè. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan gbà láti sanwó fún olórin gidi: olókùn mẹ́wàá, horn méjì, trumpet méjì, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo kọ trumpet sókè ténté fún ìṣẹ́jú méjì láìsinmi. Kọ̀ǹpútà mi ti lù ú dáadáa nílé. Nígbà tí a gbà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọn trumpet, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá, gbé e lé itan, ó fi áńkáṣífì nu ẹnu, ó ní, “Àbúrò, kọ̀ǹpútà rẹ ò létè.”

Mo ní kí wọ́n lọ mu omi. Mo mú pẹ́ńsù, mo pa bar mẹ́rìndínlógún rẹ́ nínú ìwé àwọn trumpet, mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ta viola (ẹ̀gbọ́n fáólìn), mo jẹ́ kí ìyókù ṣófo. Nígbà tí a tún un lù, trumpet dákẹ́ títí tí ẹ̀rọ ọ̀tá fi fọ́ òrùlé wọlé, ìgbà náà ló tó wọlé. Ọmọkùnrin tó fa orin mi wálẹ̀ níjọ́sí ló tún wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí a ń po ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Kò fà á.