Kí Agbọ́tí Tó Dé Ìdí Tábìlì

Sátidé, oṣù Ògọ́ọ́sì, Òṣogbo

Ìgbà ooru ni àwọn ọmọ wa lókè òkun ń pe àkókò yìí. Níbí, òjò ṣì ń rọ̀, àgbàdo sísun àti àwùsá wà ní gbogbo ìkóríta, àwọn ọmọ sì ti gba ìsinmi. Fàájì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ṣá. Òpin ọ̀sẹ̀ kì í dé kí wọ́n má ta àgọ́ sí àdúgbò kan, ọdún Ọ̀ṣun sì ti kó àlejò wọ̀lú. Ibi yòówù kéèyàn jókòó sí, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa mu?"

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí ẹni tí kì í mutí múra dè. Òùngbẹ kọ́ ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn mutí lóde ìnáwó, ife òfìfo ni. Ẹni tó ń pín ọtí ò fẹ́ kí ọwọ́ àlejò òun ṣófo, ìtìjú ni lójú rẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹ wá nǹkan sínú ife kó tó kàn yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, kí ìgò tó ti wá sì wà níwájú yín.

Ìdáhùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. "Oògùn ni mò ń lò" kì í pẹ́ rárá, torí wọ́n á tún béèrè ní Sátidé tó ń bọ̀ bóyá ara ti yá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dá orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà: "Ẹ ṣeun, mi ò kí ń mu ọtí. Ẹ bá mi wá mọ́ọ̀tì tó tutù." Ó ti rí nǹkan gbé wá, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ máa fi ife omi kan sáàárín ìgò mọ́ọ̀tì kan sí èkejì, torí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, ìrẹsì aláta sì ń fa òùngbẹ.

Ti ọtí àdúrà yàtọ̀. Bí àgbà bá gbé e lé yín lọ́wọ́, tó ní ọtí kì í tí, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi gbà á, ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó kàn. Àdúrà ni wọ́n ń pín. Níbi ìkómọ, omi àti oyin náà wà níbẹ̀, ẹ tọ́ ìyẹn wò dáadáa.

Sóbò ló dára jù láti gbé dání lọ. Fún omi lítà mẹ́ta, ẹ wá sóbò gbígbẹ tó tó gíráàmù 100, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò méjì, kànáfùrù bíi mẹ́fà, àti dàbínù mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti yọ kóró rẹ̀. Ẹ ṣan sóbò náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá nínú omi tútù, torí iyanrìn kì í wọ́n nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má rẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ kọ́kọ́ se atalẹ̀, kànáfùrù àti dàbínù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó da sóbò sí i, kó wá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá pẹ́ jù lórí iná, ó máa ń fa ahọ́n. Ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù pátá kẹ́ ẹ tó dé ìgò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná á lọ, ó di ọjọ́ kejì. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí tó pariwo fùúù, tí ìfófòó yọ sọ́rùn ìgò, ó ti ń kan nìyẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di ọtí. Ẹ dà á nù. Kúlà tó ní omi dídì ni kẹ́ ẹ fi gbé e lọ.

Nǹkan kan náà ló wà nínú ẹmu. Wọ́n máa ń sọ pé ẹmu àárọ̀ ò ní ọtí nínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tó ti ń kán sínú agbè ló ti ń kan, ìfófòó funfun tẹ́ ẹ rí lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì ni ẹ̀rí. Chapman náà, ẹ bi ẹni tó pò ó bóyá ó kán Angostura, bítà kíkorò inú ìgò kékeré, sí i, nítorí ọtí inú ìyẹn jẹ́ ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kán díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Èyí tó ń dùn mí jù ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú ìgò kékeré. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó sì ti jáwọ́ nínú ọtí á máa mu ún bí oògùn láìfura.

Lálẹ́ tí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún ti ọdún Ọ̀ṣun láàfin Àtáọ́ja, ijó lè gùn dé òru. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ mú omi dání. Bẹ́ ẹ bá ní mọ́tò, ẹni mẹ́rin tẹ́ ẹ máa gbé padà sílé, ẹ ti mọ̀ wọ́n kí ìlù tó gbóná, torí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mu ni gbogbo àwọn tó mu máa ń wá forí lé.