Wọ́n Ní Ìbò Wọ́ọ̀dù Wa Ò Sí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ìdìbò Abẹ́lé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2022 lọ̀rọ̀ yìí parí, àmọ́ ara mi ò tíì balẹ̀. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà lẹ to ìlà nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ yín láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún náà, tí ẹ sì padà sílé láì mọ ibi tí ìbò yín wọlẹ̀ sí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ìlú. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, àwọn tí a jọ fa ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbé aṣọ wá fún mi rán.

Ẹni tí yóò gbé àpótí sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ la fẹ́ yàn. Wọ́ọ̀dù mọ́kànlá ló wà ní ẹkùn wa, tiwa ni ìkeje. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì ló máa dìbò, kì í ṣe dẹ́lígéètì mélòó kan tí wọ́n á kó pa mọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì. Inú mi dùn sí i. Ní tiwa, pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la lò. Wọ́n gbé fọ́tò àwọn olùdíje méjèèjì kọ́ sára igi máńgòrò méjì, kálukú lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó fẹ́.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè wá, pé kọmítì ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìdìbò náà máa ti olú ìlú ìpínlẹ̀ dé nígbà yẹn. Aago méjìlá lù, a ò rí ẹnì kankan. Oòrùn mú. Àwọn àgbà ti ń gbọ̀n lórí ìdúró. Màámi wà níbẹ̀, ẹni ọdún 74. Mo gbé àpótí ìjókòó fún wọn, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ìlà ni wọ́n ní kí àwọn wá tò. Ni alága wọ́ọ̀dù bá ní ká máa kà á lọ kí àwọn arúgbó lè rílé lọ. Ó ń fọwọ́ kàn wá léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan, a jọ ń kà á sókè. Nígbà tó kan Màámi, ó ní, “Méjìdínlógójì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn fọ́tò tiwa, a jẹ́ 214. Lẹ́yìn ìkejì, 97. Mo kọ ọ́ sínú ìwé òdiwọ̀n aṣọ mi, torí kò sí iye tí mo gbọ́ tí ọwọ́ mi ò ní kọ sílẹ̀, iṣẹ́ ló kọ́ mi.

Kọmítì dé ní aago méjì. Alága fún wọn ní bébà tó kọ iye náà sí, wọ́n gbà á, wọ́n mi orí. Ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìkejì ń pariwo pé wọ́n ti pe àwọn èèyàn òun lórí fóònù pé kọmítì ò ní dé títí di aago méjì, pé ìgbà yẹn ni kí wọ́n jáde, pé ẹ wò wọ́n ní títì bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Mi ò kà á sí. Mo ti ń di Màámi lọ́wọ́ mú lọ sílé.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, a pé jọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti máa kéde. Jẹnẹrétọ̀ ti kú, iná fóònù ni wọ́n ń tàn síwèé. Alága kọmítì bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́ọ̀dù. Ìkíní, ó ka iye. Ìkejì, ó ka iye. Èmi náà ń kọ, mò ń rò ó pọ̀. Nígbà tó máa fi dé ìkẹfà, wọ́n ti ń fi díẹ̀ ṣíwájú wa, àmọ́ ara mi balẹ̀, mo mọ ohun tó wà ní ìkeje. Ó ní, “Wọ́ọ̀dù keje, kò sí.” Ó ṣí bébà sí òdìkejì. “Wọ́ọ̀dù kẹjọ.”

Mo rò pé ó ṣèèṣì fò ó ni. Mo wo ojú alága wa, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì ka tiwa.” Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ní òun ti kà á, pé a bẹ̀rẹ̀ láìsí kọmítì, ìlànà ẹgbẹ́ sì ni pé níwájú kọmítì la gbọ́dọ̀ ti kà, pé tiwa ti di òfo nìyẹn. Ó sì ń bá kíkà lọ. Ẹnikẹ́ni tí kò bá sí nínú yàrá yẹn ò lè mọ bó ṣe rí. Wọn ò bú wa, wọn ò lù wá, wọ́n kàn ń ka wọ́ọ̀dù kẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá, bí ẹni pé orí ilẹ̀ tó ṣófo la ti to ìlà. Èèyàn 311. Kódà àwọn 97 tó dìbò fún ẹni tí wọ́n kéde náà ò sí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jó níta, wọn ò rò ó débẹ̀. Wọ́n ní ẹni ìkejì fi ìbò 56 borí. Ká ní wọ́n ka tiwa ni, àwa la máa fi 61 borí.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Màámi ò tíì sùn. Wọ́n ní, “Mélòó la ní?” Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, kí wọ́n tó ní, “Kí wá ni wọ́n ń kà léjìká mi?”

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ìjọba Babangida fagi lé ìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́dún 1992. Wọ́n tún wà níbẹ̀ ní June 12, 1993, tí wọ́n dìbò fún Abíọ́lá, tí ìjọba kan náà fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn. Màámi ò sunkún. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa èjìká wọn.

Ẹ̀kọ́ tó ṣáájú gbogbo ẹ̀kọ́: ẹ má kúrò ní pápá láì ní ìwé tí wọ́n buwọ́ lù. Bí mo bá pa gbogbo ohun tó kù tì, ẹ jẹ́ kí n rí èyí sọ. Bébà tí alága wa fún kọmítì, ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò sí ẹ̀dà. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń fi fóònù ká fídíò, àyè tán nínú fóònù kí wọ́n tó kà dé ìdajì ìlà wa. Nígbà tí a fẹ́ ṣàròyé, ohun tó wà nílẹ̀ ni ìwé òdiwọ̀n mi, níbi tí mo kọ 214 àti 97 sí lábẹ́ gígùn bùbá ìyàwó kan. Wọ́n ní ìwé télọ̀ kọ́ ni ìwé èsì. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Ká ní aṣojú tiwa àti aṣojú ìkejì buwọ́ lù ú ni, ká ní wọ́n kọ aago tí a bẹ̀rẹ̀ àti aago tí a parí sí i, ẹnu wọn ì bá má gbà á láti sọ pé “kò sí”. Wọ́n á sọ pé ó lábùkù. Èyí tó lábùkù, ẹ lè jókòó tún un ṣe. Èyí tí wọ́n bá ti ní kò sí, kí lẹ fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀? Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán. Kí aṣojú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì buwọ́ lù ú níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnì kankan tó tú ká. Kí èèyàn mẹ́wàá ya fọ́tò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò tó bá wá wòran, kí ẹ ka iye náà sí i létí kó kọ ọ́.

Àwọn kan ti ń sọ pé torí ẹni tí mo fẹ́ ò wọlé ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sì wọlé níkẹyìn, ẹ ó kà á níwájú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ká mọ ẹni tó ṣẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Kọmítì pẹ́ dé, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn nìyẹn. Alága wa ò dúró, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Màámi? Ẹ wo Zamfara. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó ku ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n á búra fún gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní APC ò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu níbẹ̀, pé gbogbo ìbò tí ará ìlú dì fún wọn ti ṣòfò. Ti gómìnà nìkan lé ní 500,000. Bello Matawalle ti PDP, tí ìbò rẹ̀ ò tó ìdajì ìyẹn, ló di gómìnà. Mi ò ní àwọn adájọ́ ṣìṣe, ìwé òfin ni wọ́n wò, ẹgbẹ́ tí kò bá sì pa òfin mọ́, ó yẹ kí nǹkan ṣe é. Àgbẹ̀ tó kúrò lóko lọ dìbò ni mò ń rò. Ta ló sọ fún un nígbà tó ń tẹ̀ka pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ò bá ara wọn ṣe é dáadáa?

Òfin náà ò tiẹ̀ mọ̀ wá. Abala 84 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí Buhari tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà buwọ́ lù lóṣù kejì ọdún yẹn, ní ẹni tó díje lè gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó díje. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sì fún un ní ọjọ́ 14 péré láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo to ìlà, bí olùdíje mi bá ní òun ò ṣe mọ́, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìwé tí wọ́n buwọ́ lù nìyí. Òun ni ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó to ìlà.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Detroit ló kọ́ mi ní ìkẹta, èmi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Mo pè é kí n lè rí ẹni bá mi bínú. Ó ní ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà. Lọ́dún 2008, Michigan, ìpínlẹ̀ tí Detroit wà, ṣe ìdìbò abẹ́lé ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ṣáájú ìgbà tí ẹgbẹ́ Democrat fàyè gbà. Ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ pé aṣojú wọn ò ní wọ àpéjọ tí wọ́n ti ń yan ẹni tó máa gbé àpótí ààrẹ. Florida náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 29. Obama yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé ìdìbò ní Michigan, Hillary Clinton ò yọ tirẹ̀, òun ló sì borí. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bóyá kí wọ́n kà á. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìbò. Nígbà tí wọ́n dé àpéjọ ní Denver lóṣù kẹjọ, tí wọ́n ti mọ ẹni tó máa gbé àpótí náà, wọ́n fún wọn ní odidi padà.

Mo ní, “Ẹ ò rí i pé wọ́n padà kà á?” Ó ní, “Àǹtí, èmi ò dìbò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti sọ fún wa pé kò ní wúlò, ni mo bá lọ síbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá kà á, ta ló máa ka tèmi?”

Ọkùnrin tó ń pariwo ní pápá ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn tí wọ́n ń bọ̀ ní títì ní aago méjì. Wọ́n sọ ìgbà kan fún wọn, àwa ṣe é nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá ka 214 àti 97 yẹn bó ṣe wà, inú mi á dùn, a ó sì ti rẹ́ àwọn yẹn jẹ. Ó le fún mi láti kọ èyí sílẹ̀, torí àwọn kan máa fà á yọ láti fi ta kò mí. Kí wọ́n fà á yọ. Ohun tí mo gbà báyìí ni pé ìbò tó bá ní àríyànjiyàn, ọwọ́ àwọn tó dì í ni kí wọ́n dá a padà sí, kí wọ́n tún un dì. Kì í ṣe kí ọkùnrin kan tó ń tan iná fóònù síwèé ní “kò sí”.

A kọ̀wé ẹ̀hónú. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú pè wá, wọ́n gbọ́ tẹnu wa, wọ́n ní kí wọ́ọ̀dù keje tún ìbò dì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà. A tún un dì. Kọmítì ti dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀dà ìwé èsì márùn-ún la ṣe, gbogbo aṣojú buwọ́ lù ú, mo sì ya fọ́tò tèmi nígbà mẹ́ta. A jẹ́ 203, àwọn ìkejì jẹ́ 141. Ẹ wo 97 bó ṣe di 141. Ìbò 62 la fi jù wọ́n lọ ní wọ́ọ̀dù wa, tí ẹ bá yọ 56 kúrò nínú rẹ̀, ìbò mẹ́fà ni ẹni wa fi wọlé. Mẹ́fà. Wọ́n jó, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà yí ìlú ká.

Màámi ò wá. Mo ti gbé aṣọ wọn sílẹ̀ láti àárọ̀, mo ní ìlà ò ní gùn, a ó tètè kà. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé orúnkún ń dun àwọn, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ò dùn wọ́n lánàá rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n ń kà wá, mo ń ka èyí tó wà níwájú mi sínú. Nígbà tó dé méjìdínlógójì, ọmọkùnrin kan báyìí ni wọ́n fọwọ́ kàn léjìká.